Orin Bàbá Mi Tó Dàrú Nínú Kọ̀ǹpútà

                                        Ilé Kejìlá, Òpópónà Ògúndáre,
                                        Ìbà, Òjó,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Christiana, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Ẹ kú òjò Abẹ́òkúta o. A wà láàyè níbí, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dùn mọ́ mi lẹ́nu.

O rántí àwọn orin tí bàbá mi fúnra wọn dá sílẹ̀ fún ìjọ aláṣọ funfun wa l'Ókokomáíkò, tí èmi àti ìwọ gbà sínú kọ̀ǹpútà mi kí wọ́n tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀fun. Láti ìgbà iṣẹ́ abẹ náà, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti jẹun tán, wọ́n á nàka sí kọ̀ǹpútà, mo sì máa ń tan orin náà fún wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń kó wọn sínú fílàṣì láti fi ránṣẹ́ sí ọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà náà ti kú tipẹ́, iná NEPA nìkan ló ń gbé e. Kò tíì kó wọn tán tí wọ́n fi mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà ò rí nǹkan kan mọ́ nínú ara rẹ̀. Mo gbé e lọ bá Akeem tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìyànà Ìbà. Ó ṣe é títí. Ó ní, "Àǹtí, ó ń kọ nǹkan sínú ara rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ ni. Orúkọ àwọn fáìlì ti padà wá, ṣùgbọ́n inú wọn ló dàrú." Ó tẹ ọ̀kan kí n gbọ́. Ariwo lásán ni, bí òjò lórí páànù. Ohun tó wà nínú fílàṣì náà ò yàtọ̀. Orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni mo ti sunkún.

Bàbá ò bínú. Wọ́n fa bébà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin tí wọ́n fẹ́ràn jù, wọ́n nàka sí ẹnu mi. Mo kọ orin náà. Nígbà tí mo dé ìlà kẹta, wọ́n mi orí. Mo yí ohùn padà, wọ́n tún mi orí. Wọ́n la ẹnu láti fi hàn mí, èémí nìkan ló jáde. Ni wọ́n bá kọjú sí ògiri.

Wòlíì wa ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Òótọ́ ni, bàbá ṣì wà. Ṣùgbọ́n báwo ni ìlà kẹta yẹn ṣe ń lọ, Christiana? Ìwọ lo máa ń bá wọn gbè é. Bó bá kù díẹ̀ lọ́kàn rẹ, jọ̀wọ́ pè mí.

Bá mi kí màmá àti gbogbo ilé. Báyọ̀ àbúrò mi ń kí ọ.

Èmi ni tìrẹ, tí mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá,
Ọmọ́bọ́lá.