Kò Sáyè fún Bàbá Kegode ní Maragoli

Ọjọ́bọ̀, Calgary

Inú ṣì ń bí mi. Kegode, ọmọ ẹ̀yà Logooli tí a jọ ń gbé basement, fẹ́ kí wọ́n gbé òkú bàbá rẹ̀ láti Uganda padà sí Maragoli, ilẹ̀ àwọn baba wọn ní Kenya. Bàbá àgbà rẹ̀ ló kó wọn lọ sí Uganda nígbà tí ilẹ̀ ò tó pín mọ́.

Àgbà ẹbí wọn ní Maragoli ka orúkọ ìran wọn lórí fóònù tí a tan speaker rẹ̀, kò fo ẹnì kankan.

"Tiwa ni yín. Ṣùgbọ́n oko àgbàdo ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Ibo la fẹ́ gbẹ́ sàréè sí?"

Mo já lu ọ̀rọ̀: "Ẹ sin wọ́n sínú yàrá! Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe nílé wa."

"Yàrá ta ni, ọmọ Nàìjíríà? Ilé wọn ti wó tipẹ́."

Kegode pe ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n sin bàbá sí Uganda.

"Ṣé wọn ò mọ̀ wá ni?"

"Wọ́n mọ̀ wá, Màmá."

Ìgbà yẹn ni màmá wá bú sẹ́kún.