Ojú Mi Lára Ìgò Ẹmu Ìyá Ẹ̀ta

Lèma, lẹ́bàá Dassa-Zoumè,
oṣù Kẹsàn-án, 1965.

Gilbert ọmọ mi, àti ìwọ Blandine ìyàwó mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kùtọnú? Ṣé ara ọmọ le? Ṣé òkun tó wà nítòsí yín ò bínú? Tiwa nílé, a dúpẹ́. Iṣu tuntun ti wọlé, ewúrẹ́ funfun ti bí ìbejì, òrùlé ń jò díẹ̀ àmọ́ orí ibùsùn mi kọ́ ló ń jò sí. Kí Olúwa àti Màríà Arigbo má jẹ́ kí ẹ rí ẹrù tí ẹ ò lè gbé. Zéphirin katikíìsì ìjọ wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má tún un ṣe. Ó ń rẹ́rìn-ín báyìí. Mo ní kó kọ ọ́ pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín, ṣé mo ti kú ni?

Ìgò kan nínú ẹmu tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà, tí ẹ fi rán Ràṣídì oníṣòwò, ti dé. Láti inú ọkọ̀ ojú irin ló ti gbé e mọ́ àyà títí dé ẹnu ọ̀nà mi, torí ó rò pé òróró ni, ó ní ìyá tó fi rósárì sọ́rùn báyẹn lára ìgò kò lè máa ta ọtí. Nígbà tó gbọ́ pé ẹmu ni, ó fọ ọwọ́ títí omi inú ìkòkò mi fi tán. Mo gba ìgò, mo wo ara rẹ̀, ojú mi ni mo rí. Fótò tí wọ́n yà fún mi lọ́jọ́ tí a lọ gbàdúrà níwájú ère Màríà ní Arigbo, tí oòrùn ń ta mí lójú tí mo fi fa ojú ro, òun gan-an ni. Zéphirin ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní Ẹ̀ta lẹ kọ síbẹ̀, ìyá tó bí ìyá mi, tó ti kú tipẹ́, ẹ ò tiẹ̀ fi Ìyá kún un. Ó ní ẹ tún kọ ọ́ pé kí ẹni tó bá fẹ́ mu ún kọ́kọ́ da díẹ̀ sílẹ̀, kó pe orúkọ rẹ̀.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Èmi fúnra mi ni mo sọ ìtàn náà fún Blandine nígbà tó wá bímọ níbí, bí ogun ọba Àgbómẹ̀ tó ń kó ẹrú ṣe dé, tí Ìyá Ẹ̀ta kó àwọn ọmọdé agbolé sínú ihò àpáta lórí òkè, tó ń kán ẹmu sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè sùn, kí ẹnikẹ́ni má baà sunkún, títí àwọn ọmọ ogun fi kọjá nísàlẹ̀. Ìyá mi wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn pé ẹ rántí. Ṣùgbọ́n ta ló ń da ọtí sílẹ̀ fún alààyè? Òkú là ń dà á fún. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ̀yin wo ojú mi, ẹ sọ ọ́ lórúkọ òkú. Nígbà tí Ràṣídì tún lọ Kùtọnú tó dé, ó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dà á sílẹ̀ ní ilé ọtí tí ẹ̀ ń gbé e fún, tí wọ́n ń wo ojú mi tí wọ́n ń pè. Tí àwọn tó wà lọ́hùn-ún bá rí ojú mi, ṣé wọn ò ní sún fún mi kí n wá jókòó?

Láti ìgbà náà, tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹsẹ̀ mi á tutù, adùn ẹmu á sì máa wà lẹ́nu mi láìmu ún. Zéphirin ní òjò ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tutù. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Lambert, ẹ̀gbọ́n bàbá yín, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó yí ìgò sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní Ìyá Ẹ̀ta kò fojú kan rósárì rí, nítorí náà èmi ni wọ́n ń pè. Ó ní bí ojú náà kò bá kúrò lára ìgò, agbolé á ṣe òkú mi lẹ́yìn ọjà tó ń bọ̀, kí ìpè náà lè tán nílẹ̀, kó má baà mú ẹlòmíràn. Ó tiẹ̀ ti ń béèrè irú ewúrẹ́ tí mo fẹ́. Valentine, ìyàwó ilé kejì, rí mi létí odò, ó ju ìkòkò sílẹ̀. Mo kí i, ó sá lọ bí ẹni rí òkú.

Mo gbìyànjú láti yọ ojú mi kúrò. Mo ki ìgò bọ omi gbígbóná bí ẹni fẹ́ tu ìyẹ́ adìẹ, bébà náà rọ̀, ó sì ya lọ́rùn. Orí mi wà lọ́wọ́ mi, ọrùn mi pẹ̀lú rósárì wà lára ìgò. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Mo ní kí Zéphirin kọ̀wé sí yín lójú ẹsẹ̀ pé kí ẹ sun gbogbo bébà yẹn. Ó ní Ràṣídì sọ pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ rẹpẹtẹ, pé wúrà etí Blandine ti bá a lọ, pé Gilbert ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá di méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Bí ojú mi bá dúró, mo kú. Bó bá kúrò, ebi pa yín.

Mo fi ẹ̀kọ lẹ orí mi padà, mo gbé ìgò lọ sọ́dọ̀ Ìyá Dorothée, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ inú ihò àpáta. Ẹ mọ̀ pé kì í jókòó síta, inú yàrá ni, ẹ̀yìn rẹ̀ á wà lára ògiri, ojú rẹ̀ á sì máa ṣọ́ ọ̀nà láti inú fèrèsé, a sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kó wò mí bóyá ìpè náà ti mú mi. Ó gbé ìgò súnmọ́ ojú, ó wò ó pẹ́, ó wá wo èmi náà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Ìyá, ṣé wọ́n ti lọ?

Ìyá Ẹ̀ta ló fi mí pè. Mo fẹ́ sọ pé Martine ni mí, pé mo ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ó ń wo ẹnu mi bí ọmọdé, mo sì rí i pé láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi ló ti ń dúró de èsì ìbéèrè yìí. Mo ní wọ́n ti lọ, ọmọ mi. Mo ní wọ́n ti lọ tipẹ́. Mo da ẹmu díẹ̀ sílẹ̀, mo kán díẹ̀ sí i lẹ́nu, ó sùn. Nígbà tó jí, ó ní kí n gbé àpótí òun síta. Abẹ́ máńgòrò ló jókòó sí, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó ń jẹ iṣu. Bàbá Lambert dé, ó rí i níta, ó ní ojú yẹn ti ṣe ohun tó wá ṣe. Láti ìgbà náà kò mẹ́nu ba ewúrẹ́ mọ́.

Ẹsẹ̀ mi ṣì ń tutù o, mi ò ní purọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Àmọ́ ẹ fi ojú náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kàn bá mi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, ní Faransé àti ní èdè wa, pé ẹni tó fi ojú rẹ̀ yá Ìyá Ẹ̀ta ṣì ń jẹun ní Lèma, kí wọ́n má pè é. Kí ẹ fi owó ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́ kí n wá, kí àwọn tó ń mu ún lè rí mi lórí ìdúró. Kí ẹ fi owó páànù kún un nítorí òrùlé. Mi ò béèrè owó ojú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rò pé ojú tó owó, mi ò ní bá yín jà.

Ọlọ́run tó jẹ́ kí ọmọ dákẹ́ lórí òkè á jẹ́ kí orúkọ iṣẹ́ yín pariwo. Ọmọ yín á dàgbà, kò ní mọ ihò tí wọ́n ń sá sí. Àmín.

Èyí tí wọ́n bá dà sílẹ̀, ti Ìyá Ẹ̀ta ni. Tèmi, inú ife ni kí ẹ bù ú sí.

Èmi ìyá yín tó ṣì wà láàyè,
Martine.