Fèrèsé Tó Kọjú sí Ọ̀nà

Ṣakí, ọjọ́ Ajé, oṣù Ṣẹẹrẹ, 1979

Mo tú fèrèsé pálọ̀ lónìí. Láti ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ti kú ni òjò ti mú un wú, tí kò ṣeé ṣí mọ́. Bí mo ṣe fi òòlù kàn án báyìí, igi ìsàlẹ̀ rẹ̀ rún sí mi lọ́wọ́ bíi gààrí.

Mo wà lójú ihò náà, mo ń fi ayùn gé igi ìrókò, ni ẹnì kan bá ní, "Bàbá Dọ̀tun, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ìyá Ràfíù tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ni, ó ru èlùbọ́. Ó dúró, ó ń wò mí. "Ẹ ṣì wà ńlé yìí? A rò pé ẹ ti bá àwọn ọmọ yín lọ sí Ìbàdàn."

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń dá gbé ibẹ̀! Inú bí mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé lèmi náà ń gbà lọ sóko.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí mi. Bàbá kan tilẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, ó bá mi di igi mú, a sì jọ ń bú ọyẹ́. Mo sọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi há.

Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti parí. Fèrèsé ń ṣí, ó ń tì. Mo jókòó síbẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o," wọ́n sì kọjá lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń dúró wò.

Mo ti tẹ igi fèrèsé yàrá, tí òun náà kọjú sí ọ̀nà, wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò jẹrà níbì kankan.

Màá tú u lọ́la.