Mọ́tò Dádì Tó Ń Gbé Ìyàwó

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá ètò yìí. Opó ni mí ní Ungwan Boro. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọkọ mi fi Pijó 504 àtijọ́ kan sílẹ̀ tó ṣì ń dán. Òun ló máa ń fi í gbé àwọn ìyàwó ìjọ wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo fẹ́ ṣe inṣọ́ránsì fún un. Ilé iṣẹ́ kan máa san iye rẹ̀ pátá bó bá jóná, àmọ́ wọn ò fẹ́ kó gbé ìyàwó mọ́. Èkejì gbà kó gbé ìyàwó, ṣùgbọ́n bó bá jóná, wọn ò ní san nǹkan kan.

Ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣègbéyàwó. Ó ní, "Haba, Màámi! Bí mọ́tò Dádì ò bá gbé mi, ẹsẹ̀ ni màá fi rìn."

Ẹ̀yin olùgbọ́, èwo ni kí n mú? Ẹ tètè dá mi lóhùn o, torí mo ti ń nu àga ẹ̀yìn.