Àmì Tuntun Tó Ń Pa Ti Àtijọ́ Rẹ́

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí bàbá mi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ìyàwó ilé wa. Ẹ ní ọmọ tó bá ti wọlé ọkọ kì í gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Ara mi le, inú ló ń bí mi. Oòrùn Àkíráà ń jóni, èdè wọn ò tíì yé mi. Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, làwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ́jà Kantamanto ń pè mí, mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Òkìrìkà ni ìyá ọkọ mi ń tà. A ó fọ̀ ọ́, a ó rán èyí tó ya, a ó lọ̀ ọ́. Ọkọ mi, tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣe ètò kan sínú fóònù fún wa. Bí a bá fọ ìdì aṣọ kan, mo máa tẹ àmì fífọ̀. Bí a bá rán an, mo máa tẹ àmì rírán. Ìyá mi, bí mo bá ti tẹ rírán báyìí, àmì fífọ̀ á kú. Àwọn afọṣọ wa á wo fóònù, wọn ò ní rí àmì fífọ̀, wọn á tún aṣọ fọ̀. Wọ́n fọ léèsì kan títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí.

Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní fóònù kì í gbàgbé, èmi ni mo gbàgbé. Mo tún sọ, ó ní kí n fara balẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá ní àwọn á dá mi padà sílé ní Darkuman kí n lọ máa gbálẹ̀, ọmọ àbúrò àwọn á gba ipò mi ní ìsọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé ìyàwó tuntun á tú àṣìṣe ọkọ ẹ̀ síta lójú ìyá rẹ̀ ni? Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú.

Lánàá, mo ní kí ọkọ mi bá mi tẹ̀ ẹ́, pé ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi. Ó tẹ fífọ̀, ó tẹ rírán. Fífọ̀ kú. Ìyá rẹ̀ bi í pé ṣé òun náà gbàgbé ni.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀lì òkìrìkà, ó wá àṣìṣe náà nínú ètò rẹ̀ títí ó fi rí i. Ó ní ìlà ìbú méjì tí òun kọ, =, ńṣe ló ń gbá gbogbo àmì àtijọ́ dànù kó tó fi tuntun síbẹ̀. Ó ní ìlà òòró kan ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀, báyìí: |=, kí tuntun lè kún ti tẹ́lẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo, ìyá mi. Gbogbo ìkúnlẹ̀ mi yẹn.

Ìyá ọkọ mi ò bẹ̀ mí o. Wọ́n kàn ní kí n tètè dé ìsọ̀ lọ́la, kí ọmọ àbúrò àwọn jókòó sílé rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè mí. Ìyàwó tí mo dà yìí, ó kún ti tẹ́lẹ̀ ni, kò pa á rẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín síbẹ̀síbẹ̀,
Sìkírátù