Ìṣubú Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Ẹlẹ́sẹ̀

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ pa iṣẹ́ tì láti wá bá wa kẹ́dùn, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ní ọdún 1951 ni a bí Màmá wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàtà bàbá wọn, ní òpópónà tó já sí ibùdókọ̀ ojú irin. Aránbàtà ni bàbá wọn, ọmọ aránbàtà. Ìyá wọn sì jẹ́ agbẹ̀bí tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Àwọn nìkan ni obìnrin nínú ọmọ márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí agídí wọn ti wá, kó má wòkè wòlẹ̀ mọ́.

Wọ́n wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1957, wọ́n sì wọ girama ní 1964. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ pàdé, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Wọn kò ga, bọ́ọ̀lù kì í sì í fẹ́ wọ àpẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ojú wọn mú. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wo bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbá a ni wọ́n ń wò. Olùkọ́ eré ìdárayá ló kọ́kọ́ fi fèrè lé wọn lọ́wọ́, ó ní, "Ìwọ tó ò lè jókòó jẹ́ẹ́ yìí, gbà, máa bá mi mú wọn."

Ní 1973, wọ́n yege gẹ́gẹ́ bí rẹfirí. Lọ́sàn-án, wọ́n ń ta bàtà. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ń fọn fèrè. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rírìn ni wọ́n mọ̀ jù. Wọn a ní ẹni tó bá di bọ́ọ̀lù mú, ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ dúró bí òpó, kí èkejì máa yí kiri. Bí òpó bá gbéra nílẹ̀, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ kí ó tó padà balẹ̀. "Ẹsẹ̀ ni mò ń wò, ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń rí," ni wọ́n máa ń wí, ibẹ̀ ni orúkọ Màmá Ẹlẹ́sẹ̀ ti wá. Ẹgbẹ́ àwọn òbí kan tilẹ̀ fún wọn ní àwo ìmọrírì, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ fi àmì sábẹ́ lẹ́tà tí kò yẹ, ó wá di "Màmá Ẹlẹ́ṣẹ̀". Pásítọ̀ ní kí wọ́n dá a padà. Màmá ní wọn ò kúkú purọ́ mọ́ àwọn, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ní 1976, wọ́n fẹ́ tísà ìṣirò kan tó wá ra bàtà. Màmá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé ó ti pẹ́ tó ti ń wọ bàtà tí kò gbà á, òun tó mọ ìṣirò. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 1995 ni ohun tó dùn wọ́n jù láyé ṣẹlẹ̀. Àkọ́bí wọn wà nínú ikọ̀ iléèwé rẹ̀ tó dé àṣekágbá ìdíje. Màmá ti kọ̀ láti ṣe rẹfirí ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ibà dá ẹni tí wọ́n yàn dùbúlẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nítòsí. Kóòṣì méjèèjì ló fẹnu ara wọn bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí eré ku díẹ̀ kó parí, bọ́ọ̀lù já bọ́ láàárín pápá. Àkọ́bí bẹ́ lé e, ó dì í mọ́yà, ó sì fi ikùn yọ̀ lọ lórí ilẹ̀. Níbi tó dùbúlẹ̀ sí ló ti ju bọ́ọ̀lù sí ẹnìkejì rẹ̀, onítọ̀hún sì jù ú wọ àpẹ̀rẹ̀. "Ó rìn! Ó rìn!" ni apá kejì ń pariwo. Màmá kò fọn fèrè. Ikọ̀ Àkọ́bí ló gba ife.

Òfin wà lẹ́yìn Màmá. Ẹni tó ṣubú tòun ti bọ́ọ̀lù, tí eré tó ń sá bọ̀ sì gbé e yọ̀ lọ, kò ṣẹ̀. Àfi bó bá yí gbirigbiri, tàbí tó fẹ́ dìde láìtíì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ òfin lẹ́nu ìyá ẹni tó borí? Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ rẹfirí wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì dá Màmá láre. Ti Àkọ́bí ni kò tán. Òun náà gbà pé ìyá òun ló ṣègbè fún òun. Ó gbé àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, ó sì lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá wálé, ìkíni lásán ni. Màmá a máa sọ fún ọkọ wọn pé, "Gbogbo ayé ló bi mí, mo sì dá wọn lóhùn. Ọmọ mi nìkan ni ò bi mí." Wọ́n sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí, a ò ní fi pa mọ́.

Nínú ìjọ, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń sìn, wọ́n ń fún àlejò níjòókòó. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń kọ́ àwọn rẹfirí tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín yín lónìí, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń báni wí.

Ní 2017, Àkọ́bí mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá ra bàtà iléèwé. Ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù yìí kan náà, inú sì ń bí i: ó ṣubú, ó dìde, rẹfirí sì fọn fèrè mọ́ ọn. Màmá ti àga sápá kan, wọ́n di páálí bàtà mọ́yà, wọ́n sì na ara wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta. "Wò mí dáadáa. Mo ṣubú, àbí? Ìṣubú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo lè ju páálí yìí sí ẹ láti ibí. Àmọ́ tí mo bá fẹ́ dìde, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ẹ̀ ná."

Àkọ́bí, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, wá la ẹnu. "Màmá, ká ní mo dìde lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti dá a lóhùn. "Fèrè ti wà lẹ́nu mi. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó o má dìde. Ṣùgbọ́n ká ní o dìde ni, ǹ bá fọn ọ́n."

Àkọ́bí jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó bú sẹ́kún. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní kí àwọn méjèèjì dìde jàre, oníbàárà ti dé. Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí Àkọ́bí kì í wá sílé.

Ní ọdún 2024, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Màmá dágbére fáyé lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Wọ́n fi ọkọ wọn sílẹ̀, àti Àkọ́bí tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àbíkẹ́yìn tó gba ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́fà. Àkọ́bí ní kí a kọ ọ́ síbí, kí àwọn tó wà níbi àṣekágbá ọjọ́ náà lè kà á: ìyá òun kò ṣègbè fún òun rí.

Màmá Ẹlẹ́sẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ dì mú ti wà lọ́wọ́ wa báyìí. Ẹ sùn re títí di òwúrọ̀ àjíǹde. Ọwọ́ yín ti ṣófo. Ẹ lè dìde.