Ẹṣin Èlíjà Kì Í Fò

Petrala,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi Zisis,

Èmi Arsenis, tí mo fi igbe kan ṣoṣo lé katapílà mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ lórí òkè wa, tí awakọ̀ kan sá títí tó fi gbàgbé bàtà rẹ̀ sẹ́yìn, ni mo kí yín. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Áténì? Ṣé ara Vasso, àfẹ́sọ́nà yín, le? Ara tiwa le, inú wa ni kò dùn. Bí kì í bá ṣe pé ẹ dáyé ṣáájú mi ni, ọ̀rọ̀ tí ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, àlùfáà wa ìbá dákú kó tó kà á dé ìdajì.

Ṣé ẹ ṣì rántí Ẹṣin Èlíjà? Tata aláwọ̀ òkúta yẹn, tí kò ní ìyẹ́, tó sanra bí àtàǹpàkò Màmá àgbà, tó jẹ́ pé orí òkè wa nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àdúrà Wòlíì Èlíjà, la ti ń rí i. Lọ́dọọdún tí a bá gòkè lọ ṣàjọ̀dún wòlíì náà, bí ẹran ewúrẹ́ bá ti ń hó nínú ìkòkò, a ó kọjú sí òkè àwọn ará Vrysena ní òdìkejì àfonífojì, a ó pariwo pé, "Ẹsẹ̀ ni Èlíjà tiyín ń fi rìn o! Ọ̀dọ̀ wa lẹṣin rẹ̀ wà!"

Ìyáàfin Danai, tó ń rin gbogbo ilẹ̀ Gíríìsì ká láti mọ ibi tí tata àti ìrẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé, fi máàpù rẹ̀ hàn wá. Ìrẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé inú ihò àpáta kan ṣoṣo ló mọ láyé. Tiwa, àmì pupa kan péré ni. Màmá àgbà fẹnu kò ó bí ẹni ń fẹnu ko àwòrán ẹni mímọ́.

Àmì náà ti di méjì báyìí. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ gbẹ́ orí òkè wa kí wọ́n lè ri ẹ̀rọ iná mànàmáná tí atẹ́gùn ń yí mọ́ ọn. Wọn ò tilẹ̀ dúró de ìpàdé kí wọ́n tó gbé katapílà wá. Nígbà tí ìlú péjọ ní ilé kọfí, òṣìṣẹ́ wọn dìde, ó ní, "Tata yín ti wà ní Vrysena náà, òfin tó ń ṣọ́ kòkòrò tí kò sí níbòmíràn kò kàn yín mọ́. Kí lẹ ń sunkún sí?"

Ìyáàfin Danai bi í pé, "Tata tí kò lè fò, ta ló gbé e kọjá àfonífojì?" Èmi ni mo dìde. Mo ní ẹ̀yin ni. Mo ní mo fojú ara mi rí yín lọ́jọ́ àjọ̀dún tó kọjá, tí ẹ ń ṣa wọ́n sínú agolo wàràkàṣì Màmá àgbà, láti lọ fi ṣe ẹ̀bùn ìfẹ́ fún Vasso, ọmọ Vrysena. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n rẹ́rìn-ín! Bàbá Kleanthis tó ni ilé kọfí ní, "Arsenis, ṣebí ìwọ lo bá ìkookò ta káàdì lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ta ló borí?" Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí n kò fi iyọ̀ sí láyé mi, òun ni wọ́n tu dànù!

Mo mọ ìdí tí ẹ fi dákẹ́. Ẹ sọ fún Vasso pé àdúrà yín ni Èlíjà gbọ́ tó fi rán ẹṣin sí òkè wọn, ìyẹn sì ni bàbá rẹ̀ gbọ́ tó fi gbà fún yín. Ẹ̀gbọ́n, irọ́ yín ti ń gbẹ́ òkè o! Ìyáàfin Danai ti lọ wo àwọn tí ẹ kó lọ. Ó ní koríko ibẹ̀ kò bá wọn lára mu, wọ́n ń kú lọ. Bí wọ́n bá tún tú ilé àwọn tiwa, ó parí nìyẹn, kò ní ku ẹyọ kan lórí ilẹ̀ ayé. Torí kí ẹ lè máa ṣe wòlíì lójú ọmọbìnrin!

Ọjọ́ Sátidé yìí ni ìpàdé ìkẹyìn, nílé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ wá sọ ọ́ lẹ́nu ara yín, kí ẹ sì mú Vasso dání. Màmá àgbà ní kí n sọ fún yín pé, "Ìyàwó tí a bá firọ́ fẹ́, irọ́ la ó máa fi bọ́ ọ." Wọ́n tún ní kí ẹ má gbàgbé agolo àwọn.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lọ́nà. Kí ó là yín lóhùn. Kí Wòlíì Èlíjà má bínú sí yín tó bí mo ṣe ń bínú.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì fẹ́ rí yín sójú mọ́ bí ẹ kò bá wá,
Arsenis.

Àfikún: Katapílà mẹ́ta kọ́, ẹyọ kan ni. Kò sẹ́ni tó sá, bàtà kankan ò sì bọ́. Epo ló tán nínú rẹ̀, awakọ̀ sì lọ wá òmíràn. Ẹ̀yìn ọgbà ewúrẹ́ lèmi ti ń pariwo. Ṣùgbọ́n ó ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ìyẹn kì í ṣe àsọdùn. Mo ti jẹ́wọ́ tèmi. Ó ku tiyín.